Agatha Christie: Bí yàrá ìpoògùn àsìkò ogun ṣe bí ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ayé kò gbàgbé

Ní ọdún 1916, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń gbóná janjan, ọ̀dọ́bìnrin kan ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìpoògùn ilé ìwòsàn kan ní ìlú Torquay, létí òkun ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ ló ń po oògùn fún. Pẹpẹ tí wọ́n to ìgò májèlé sí ló yí i ká. Nígbà tí iṣẹ́ bá dẹwọ́, tí ẹnikẹ́ni kò mú ìwé oògùn wá, a máa jókòó sáàárín àwọn ìgò wọ̀nyí, a sì máa ronú bí ènìyàn ṣe lè fi ọ̀kan nínú wọn gba ẹ̀mí ẹlòmíràn, tí àṣírí kò sì ní í tètè tú.

Kò pa ẹnikẹ́ni. Ohun tí ìrònú náà bí ni The Mysterious Affair at Styles, ìwé àkọ́kọ́ tí Agatha Christie tẹ̀ jáde. Lónìí, Guinness World Records kà á sí òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ tí ìwé rẹ̀ tà jù lọ láyé, pẹ̀lú ẹ̀dà tó ju bílíọ̀nù 2 lọ.

Ìwé náà kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Bí a bá tú u palẹ̀, a ó rí i pé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá: àríyànjiyàn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, iṣẹ́ ilé ìwòsàn tí kò lówó lórí, àwọn ogúnléndé tí ogun lé kúrò nílùú wọn, àti ìbẹ̀rù ìdílé kan pé ilé lè bọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́.

Ta ni Agatha Christie?

Ọjọ́ 15, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1890 ni wọ́n bí Agatha Mary Clarissa Miller sí ilé tí wọ́n ń pè ní Ashfield ní Torquay. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni Frederick, bàbá rẹ̀, ẹni tó ń jẹ nínú èrè dúkìá tí ìdílé rẹ̀ fi sílẹ̀, tí kò sì ṣe iṣẹ́ oṣù. Clara ni orúkọ ìyá rẹ̀. Agatha ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́ta. Margaret, tí ilé ń pè ní Madge, fi ọdún 11 jù ú lọ. Louis, tí wọ́n ń pè ní Monty, fi ọdún 10 jù ú lọ.

Clara gbà pé kò yẹ kí ọmọdé kọ́ ìwé kíkà títí yóò fi pé ọdún 8. Ṣùgbọ́n kí Agatha tó kọjá ọmọ ọdún 5, ó ti fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n kà. Inú ilé ló ti gba púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, kò sì wọ yunifásítì rí.

Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1901, Frederick kú. Ọmọ ọdún 11 ni Agatha nígbà náà. Owó tó ń wọlé láti Amẹ́ríkà ti ń dín kù kí ó tó kú, ẹ̀rù àtipàdánù Ashfield kò sì kúrò lọ́kàn ìyá àti ọmọ láti ọjọ́ náà lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí nínú ìwé tó padà kọ, ilé, ogún àti owó ni gbogbo ìjà dá lé.

Nígbà tó di ọ̀dọ́langba tó yẹ kí wọ́n mú jáde sí àwùjọ, agbára ìyá rẹ̀ kò ká ìnáwó àríyá ìlú London. Cairo, ní ilẹ̀ Íjíbítì, ló mú un lọ fún oṣù mẹ́ta, nítorí pé ìgbé ayé ibẹ̀ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà délé, Agatha kọ ìwé ìtàn kan tó fi Cairo ṣe ibùdó. Àwọn atẹ̀wé kọ̀ ọ́. Eden Phillpotts, òǹkọ̀wé kan tó ń gbé nítòsí wọn, ka iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fún un ní ìmọ̀ràn àti ìṣírí. Bí ó ti wù kí ó rí, kò sí ẹni tó fẹ́ ná owó lórí rẹ̀.

Àríyànjiyàn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò

Madge ni òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ nínú ilé náà. Wọ́n ti gbé àwọn ìtàn kéékèèké rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Vanity Fair. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ìtàn Sherlock Holmes tí Arthur Conan Doyle kọ. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí ìwé tí Gaston Leroux, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ nípa ọ̀ràn kan tí wọ́n dá nínú yàrá tí wọ́n tì pa. Agatha sọ pé ó wu òun láti kọ irú rẹ̀. Madge dá a lóhùn pé kò rò pé ó lè ṣe é, nítorí pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣòro í kọ.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ìjà, ṣùgbọ́n kò kúrò lọ́kàn àbúrò. Ohun tó kù ni pé kò tíì ní ìtàn tó lè fi dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóhùn.

Ogun dé, iṣẹ́ ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, wọ́n sọ gbọ̀ngàn ìlú Torquay di ilé ìwòsàn Red Cross. Agatha yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ 24, oṣù Kejìlá, ọdún náà ló ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Archibald Christie, ọ̀gá kékeré nínú iṣẹ́ ológun. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ọkọ padà sójú ogun ní ilẹ̀ Faransé, tí ìyàwó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ jẹ́, láìgba kọ́bọ̀. Ó ń tọ́jú egbò, ó ń fọ ilẹ̀, ó sì ń wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Àkọsílẹ̀ fi hàn pé wákàtí 3,400 ló fi sin ilé ìwòsàn náà láàrin ọdún 1914 sí 1918. Àìsàn dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó padà ní ọdún 1916, yàrá ìpoògùn ni wọ́n fi í sí. Ó yege nínú ìdánwò àwọn olùrànlọ́wọ́ apòògùn ní ọdún 1917, wọ́n sì ń san £16 fún un lọ́dún.

Iṣẹ́ yìí kọ́ ọ ní ohun méjì. Èkíní ni pé ìwọ̀n ló ya oògùn sọ́tọ̀ sí májèlé. Ẹ wo strychnine, fún àpẹẹrẹ: májèlé tí í pa ènìyàn ni, síbẹ̀ àwọn dókítà ìgbà náà ń fi ìwọ̀nba kíún rẹ̀ sínú oògùn agbára. Èkejì ni pé ẹni tí aláìsàn fọkàn tán pátápátá ni ẹ̀mí aláìsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Apòògùn tó ń gbé májèlé sápò

Kí ó lè yege nínú ìdánwò náà, wọ́n ní kí ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ apòògùn kan láàrin ìlú. Ọkùnrin náà dá ara rẹ̀ lójú gidigidi. Lọ́jọ́ kan, Agatha ń wò ó bí ó ti ń po oògùn kan, ó sì rí i pé ó ti ṣi àmì ìṣirò fi sípò, tí oògùn náà fi le ní ìlọ́po 10 ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ni ọmọ iṣẹ́ yóò ṣe? Bí ó bá sọ fún ọ̀gá pé ó ti ṣìṣe, kò dá a lójú pé yóò gbà. Bí ó bá sì dákẹ́, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lè kú. Ó ṣe bí ẹni tó kọsẹ̀, ó da gbogbo oògùn náà sílẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tọrọ àforíjì. Ọ̀gá rẹ̀ tún òmíràn pò.

Ọkùnrin yìí kan náà ló yọ nǹkan dúdú kan jáde nínú àpò rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó fi hàn án. Curare ni, májèlé tí àwọn ọdẹ ní Gúúsù Amẹ́ríkà ń fi sára ọfà. Ó jẹ́ kí ó yé Agatha pé gbígbé e sápò ń jẹ́ kí òun mọ̀ ọ́n lára pé òun ní agbára. Ọ̀rọ̀ náà dẹ́rù bà á. Kò gbàgbé ọkùnrin náà títí tó fi di arúgbó, a ó sì tún padà bá a níwájú.

Níbo ni Poirot ti wá?

Agatha ti ní májèlé. Ó nílò ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí kò ní í jọ Sherlock Holmes. Ìlú tó ń gbé ló fún un ní ìdáhùn.

Nígbà tí ọmọ ogun Jámánì ya wọ Bẹ́ljíọ̀mù ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1914, nǹkan bí 250,000 ènìyàn ló sá wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan nínú wọn tẹ̀dó sí Torquay. Ara ìlú kọ́kọ́ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn sí wọn. Agatha ronú pé kí ni kò jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn àlejò wọ̀nyí jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì? Bí Hercule Poirot ṣe wáyé nìyẹn: ọkùnrin kúkúrú, onírùn ìmú tó máa ń tún ṣe dáadáa, tó kórìíra ìdọ̀tí, tó sì gbára lé ọpọlọ ju ẹsẹ̀ sísá lọ.

Ohun kan wà níbí tó yẹ kí a kíyè sí. Ẹni tí ogun lé kúrò nílé, tó ń gbé nínú àánú ọlọ́ṣọ̀ọ́ ènìyàn, ni Christie fi ṣe ẹni tó rí ohun tí àwọn onílé kò rí. Ojú àlejò ni wọ́n ní kì í fi í ríran, ṣùgbọ́n nínú ìwé yìí, ojú àlejò ló ríran jù.

Ikú ilé ló ń pani

Ìtàn náà wáyé ní Styles Court, ilé ńlá kan ní ìgbèríko Essex. Hastings, ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun, lọ sinmi níbẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Emily Inglethorp ni ìyá àgbà tó ni owó ilé náà, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ọkùnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré sí tirẹ̀ gan-an. Gbogbo ará ilé ló ń wo ọkọ tuntun yìí tìfuratìfura. Lóru ọjọ́ kan, ìrora gbé ìyá náà dè lórí ibùsùn, ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ sì wà ní títì. Strychnine ni wọ́n fi pa á.

Àwọn àgbà wa ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Orí òtítọ́ yìí ni irú ìwé tí Christie kọ dúró lé. Kì í ṣe olè tó fo ògiri wọlé ni a ń wá. Ẹni tó jókòó nídìí oúnjẹ, ẹni tó gbé kọfí wá, ẹni tó ń sunkún nídìí òkú, ọ̀kan nínú wọn ni. Ilé ńlá tó dá dúró ní ìgbèríko bá irú ìtàn bẹ́ẹ̀ mu, nítorí pé a lè ka iye àwọn tó wà nínú rẹ̀, a sì mọ ẹni tí yóò jogún kí ni.

Bí a bá wò ó dáadáa, ayé Torquay ló kún inú Styles. Cynthia, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́bìnrin ilé náà, ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìpoògùn ilé ìwòsàn Red Cross, bí Agatha gan-an. Poirot àti àwọn ará ìlú rẹ̀ ń gbé ní abúlé náà nípasẹ̀ oore Ìyáàfin Inglethorp. Nítorí ogun, wọn kì í jẹ́ kí bébà kankan ṣòfò nínú ilé náà. Ọkùnrin onírùngbọ̀n dúdú kan tí Agatha rí nínú ọkọ̀ ojú irin ìgboro ló sì yá ọkọ tuntun náà ní ìrísí rẹ̀. A kò ní í dárúkọ apànìyàn níbí, nítorí àwọn tí kò tíì ka ìwé náà. Ohun tí a lè sọ ni pé ọgbọ́n tí apànìyàn lò jẹ́ ohun tí ẹni tí kò po oògùn rí kò lè ronú kàn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ní Dartmoor

Agatha bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé náà ní ọdún 1916, ṣùgbọ́n nígbà tó dé àárín, ọ̀rọ̀ náà dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ gbà á níyànjú pé kí ó gba ìsinmi, kí ó lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní í dí i lọ́wọ́. Ó lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Haytor, ní ilẹ̀ gbalasa Dartmoor. Láàárọ̀, a máa kọ̀wé. Lọ́sàn-án, a máa rìn lórí pápá, a sì máa sọ ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ sókè fúnra rẹ̀ bí ẹni tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ó parí ìyókù.

Ìwé tí àwọn atẹ̀wé kọ̀

Hodder and Stoughton kọ ìwé náà. Methuen náà kọ̀ ọ́. Níkẹyìn, ó fi ránṣẹ́ sí The Bodley Head, ilé iṣẹ́ John Lane, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ̀. Ogun parí, ọkọ rẹ̀ dé, wọ́n kó lọ sí London, ó sì bí Rosalind, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1919. Nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn tó ti fi ìwé náà ránṣẹ́ ni John Lane tó ránṣẹ́ pè é.

Atẹ̀wé náà fẹ́ kí ó yí ìparí ìwé padà. Inú ilé ẹjọ́ ni Poirot ti tú àṣírí ọ̀ràn náà nínú ohun tó kọ́kọ́ kọ, èyí kò sì jọ ohun tí ilé ẹjọ́ tòótọ́ lè gbà. Agatha gbé ìran náà kúrò ní kóòtù lọ sínú yàrá àlejò. Poirot pe gbogbo ará ilé jọ, ó sì to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ níwájú wọn. Àtúnṣe tí atẹ̀wé ní kí ó ṣe yìí di àmì tí ayé fi ń dá ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mọ̀ títí di òní, nínú ìwé àti nínú fíìmù.

Inú rẹ̀ dùn débi pé kò fara balẹ̀ ka ìwé àdéhùn tó fọwọ́ sí. Ìwé àdéhùn náà so ìwé márùn-ún mìíràn tí yóò kọ mọ́ ilé iṣẹ́ yìí, owó tó sì wà níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ìwé náà jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1920, ó sì jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kìíní, ọdún 1921. Ìyá rẹ̀ ló yà á sí mímọ́ fún. £25 péré ló rí gbà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn àwọn apòògùn yìn ín pé ó mọ ohun tó ń sọ nípa májèlé, ìyìn yìí sì dùn mọ́ ọn nínú ju púpọ̀ nínú ìyókù lọ.

Kì bá má kọ òmíràn mọ́. Ọ̀rọ̀ Ashfield ló tún gbé kálámù lé e lọ́wọ́: ìyá rẹ̀ kò lágbára láti tọ́jú ilé náà mọ́, Archibald sì dábàá pé kí ìyàwó rẹ̀ kọ ìwé mìíràn bóyá owó yóò jáde níbẹ̀. Bó ṣe di iṣẹ́ ayé rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí Styles di ilé tòótọ́

Nígbà tí owó ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, tọkọtaya náà ra ilé kan ní Sunningdale, wọ́n sì sọ ọ́ ní Styles. Ilé náà kò mú ayọ̀ wá fún wọn. Ní ọdún 1926, Clara kú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Archibald sọ pé òun fẹ́ obìnrin mìíràn. Ní alẹ́ ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, Agatha wa ọkọ̀ rẹ̀ jáde ní Styles, kò sì padà. Wọ́n rí ọkọ̀ náà ní Newlands Corner. Ọlọ́pàá àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará ìlú tú igbó, ìwé ìròyìn sì gbé ọ̀rọ̀ náà kiri. Lẹ́yìn ọjọ́ 11, wọ́n rí i ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Harrogate. Orúkọ ìdílé obìnrin tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́ ló fi forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àlàyé nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀.

Ìgbéyàwó náà tú ká ní ọdún 1928. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Baghdad, ìrìn àjò náà sì ṣí ojú ayé mìíràn fún un. Ní ọdún 1930, ó fẹ́ Max Mallowan, awalẹ̀pìtàn tó bá pàdé ní Ur, ní ilẹ̀ Iraq. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, ó tún padà sí yàrá ìpoògùn, lọ́tẹ̀ yìí ní University College Hospital ní London. Àsìkò yẹn ló kọ Curtain, ìwé tí Poirot ti kú, ó sì fi í pamọ́. Styles ló tún mú ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà padà sí, kí ó lè kú síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ tí ìwé gbà là

Curtain jáde ní ọdún 1975. Ọjọ́ 12, oṣù Kìíní, ọdún 1976 ni Agatha Christie kú ní ilé rẹ̀ nítòsí Wallingford, ní ẹni ọdún 85. Wọ́n sin ín sí Cholsey. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ 66 ló fi sílẹ̀, pẹ̀lú eré orí ìtàgé The Mousetrap, tó bẹ̀rẹ̀ ní London ní ọdún 1952.

Ṣùgbọ́n ìtàn apòògùn tó ń gbé májèlé sápò kò tíì parí. Ìrántí ọkùnrin náà ló bí ìwé The Pale Horse, tí Christie kọ ní ọdún 1961. Nínú rẹ̀, ó ṣe àlàyé bí májèlé thallium ṣe ń ṣe ara, àti bí irun orí ṣe ń re. Ní ọdún 1977, wọ́n gbé ọmọdébìnrin kan tí kò tíì pé ọdún méjì wá sí ilé ìwòsàn ní London láti Qatar. Àwọn dókítà kò mọ ohun tó ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì kan tó ń ka The Pale Horse lọ́wọ́ ṣàkíyèsí pé ohun tó wà lára ọmọ náà bá ohun tó wà nínú ìwé mu. Wọ́n yẹ ara ọmọ náà wò, thallium ni. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ sì yá.

Ní Torquay, ọmọ iṣẹ́ kan ti da oògùn sílẹ̀ rí kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n má baà kú. Ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀, ohun tó kọ́ nídìí iṣẹ́ náà tún gba ẹ̀mí ẹlòmíràn là.